Bí Ológbò Bá Ń Sín Nínú Ilé: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Ìyànà Ọ̀fà

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìyànà Ọ̀fà, ní Láàlúpọn, ní Ejíòkú àti gbogbo abà tó yí wa ká, àgbẹ̀ tó bá kó àgbàdo sí àká gbọ́dọ̀ wá ológbò. Èkúté ń jẹ wá lóúnjẹ, ó sì ń kó àìsàn wálé: ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń bá oúnjẹ wọlé. Ìdí nìyẹn tí ológbò fi ń pọ̀ nílé wa. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí ni ọ̀fìnkìn wọn ti ń jà, àwọn ọmọ wọn ló sì máa ń bá a lọ jù. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe.

1. Ẹ mọ àìsàn náà. Ológbò tó ń sín, tí ikun ń dà nímú rẹ̀, tí ipin lẹ ojú rẹ̀ pọ̀, tí egbò wà lórí ahọ́n rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan ṣe é. Kòkòrò àìfojúrí méjì ló sábà máa ń fà á, herpesvirus ti ológbò àti calicivirus. Méjèèjì kì í ran ènìyàn. Ẹ má lé ẹran náà síta nítorí ẹ̀rù àjẹ́.

2. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ti gbọ́ sísín àkọ́kọ́. Yàrá mìíràn ni mo wí, kì í ṣe igun yàrá kan náà, torí tó bá ń sín, itọ́ rẹ̀ lè fò ju mítà kan lọ. Èyí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí tí ẹ rà lọ́jà, bó tilẹ̀ ń ta pọ́nún pọ́nún, kó dá wà fún ọ̀sẹ̀ 2 kó tó fojú kan àwọn tó bá nílé. Àìsàn yìí lè wà lára rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn.

3. Ọwọ́ yín ni kí ẹ ṣọ́ jù. Orí èyí ni màá ti pẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà. A ó ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìsàn, a ó wá fi ọwọ́ tá a fi nu ikun rẹ̀ bu oúnjẹ fún èyí tára rẹ̀ le. Herpesvirus kì í lò ju bí ọjọ́ kan lọ níta ara ẹran, ṣùgbọ́n calicivirus lè wà lára abọ́ àti aṣọ fún ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ fún àwọn tára wọn le lóúnjẹ ná, kí aláìsàn gbẹ̀yìn. Kó ní abọ́ tirẹ̀, kó ní yẹpẹ ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ tẹ́ ẹ fi gbé e mọ́ra. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé, àwọn ló ń gbé ọmọ ológbò mọ́yà láti yàrá dé yàrá. Ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́ náà, kí ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi tẹ́ ẹ po Hypo sí, ìdérí kan sí 20 ìdérí omi, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá; ẹ ṣan án, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má fi Izal tàbí Dettol nu ilẹ̀ ibi tó ń sùn. Yóò lá a kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, májèlé ló sì jẹ́ fún un.

4. Ẹ má fún un ní Panadol láé. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè yọ oró oògùn náà kúrò lára; hóró kan ṣoṣo ti tó láti pa á. Mo mọ̀ pé àánú ló ń mú yín ṣe é.

5. Ológbò tí imú rẹ̀ dí kì í gbọ́ òórùn, tí kò bá sì gbọ́ òórùn, kò ní jẹun. Ẹ bọ pánlá láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà, ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ gbé e fún un ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ fi òwú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò jẹun, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára: láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 tí wọ́n bí i, kí wọ́n máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ó ṣì lè sín lẹ́yìn abẹ́rẹ́ o, ṣùgbọ́n àìsàn náà kì í sábà le.

6. Èyí tó bá ti gbádùn ṣì lè máa gbé àìsàn náà kiri. Herpesvirus kì í kúrò lára rẹ̀ títí ọjọ́ ikú. Bí ìnira bá dé bá a, bí ìjà, bíbímọ tàbí kíkó lọ sílé mìíràn, yóò tún máa tú u síta fún àwọn mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n há pọ̀ jù.

7. Ẹ má ju òkú adìẹ fún ológbò, torí ó lè kó àìsàn adìẹ níbẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 2006 tí wọ́n kọ́kọ́ rí àìsàn adìẹ H5N1 ní Nàìjíríà, ní Jaji ní Kaduna, oṣù yẹn náà ni wọ́n rí òkú ológbò tó kó o ní erékùṣù Rügen, ní Jámánì. Àìsàn adìẹ yìí lè ran ènìyàn, ó sì lè pani. Bí adìẹ bá ń kú léraléra lágbàlá yín, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án, ẹ ti ológbò mọ́lé, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, níbí ní Ìyànà Ọ̀fà.