Ẹ̀KỌ́: NÍGBÀ TÍ MÀMÁ KÒ BÁ LÈ JẸUN MỌ́



Púpọ̀ nínú wa níhìn-ín ní London ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn mìíràn sì ní òbí tí ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí wà fún apá méjèèjì. Ó dá lórí àgbà tí iyè rẹ̀ ti rá, tí ọjọ́ rẹ̀ sì ń lọ sópin.

1. Kí ni ìdí tí kò fi jẹun?
Àrùn ọpọlọ tí a ń pè ní dementia kì í ṣe ìgbàgbé lásán. Bí ó bá pẹ́, ènìyàn kì í lè gbé oúnjẹ mì dáadáa mọ́. Omi pàápàá lè ṣìnà bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹnu, eyín, ìgbẹ́ àti oògùn rẹ̀ wò, bóyá ohun tí a lè tún ṣe ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ebi ni wọ́n fi ń pa màmá. Àìsàn ni ó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

2. Rọ́bà ńkọ́?
Àwọn ẹbí a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi rọ́bà gbé oúnjẹ sínú ikùn rẹ̀. Ní 2014, American Geriatrics Society, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, gbani nímọ̀ràn pé kí a má ṣe é fún ẹni tí dementia rẹ̀ ti wọra. A kò rí i pé ó ń fi kún ọjọ́ wọn. Egbò ìdùbúlẹ̀ àti àìfararọ ni ó ń bá a rìn. Ọwọ́ ènìyàn sàn jù.

3. Bí a ṣe ń bọ́ ọ
Ẹ gbé e jókòó dáadáa. Ṣíbí kékeré ni kí ẹ lò. Ẹ dúró kí ó gbé e mì. Bí ó bá yíjú kúrò, ẹ dáwọ́ dúró. Nígbà tí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ máa rin ètè àti ẹnu rẹ̀.

4. Ìrora tí kò lè sọ
Ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti 2003 ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ní òṣùwọ̀n kan, PAINAD, tí ó ń wo nǹkan márùn-ún: mímí, ìkérora, ojú, ìṣesí ara, àti bóyá ìtùnú ń rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Oògùn ìrora tí dókítà wọ̀n bó ti yẹ kì í ṣe májèlé.

5. Ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún un?
Lábẹ́ Mental Capacity Act ti 2005 ní England àti Wales, àkọ́bí kò ní àṣẹ nítorí pé ó jẹ́ àkọ́bí. Nígbà tí iyè màmá ṣì pé ni kí ó ti fọwọ́ sí ìwé lasting power of attorney ti ìlera, kí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Office of the Public Guardian. Bí kò bá sí ìwé, àwọn dókítà ni yóò pinnu ohun tí ó dára jù fún un, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ti ẹbí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Ta ni a fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ fún wa? Ǹjẹ́ a ti sọ fún un?
(b) Oúnjẹ wo, orin wo, ni màmá wa fẹ́ràn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀.