Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: TÍKẸ́Ẹ̀TÌ ỌJÀ ÀTI ÒFIN ÌKIRI NÍ ÈKÓ

Ẹ̀kọ́ wa ní ìdajì ìdajì ọdún yìí kan àwọn tí ó ń kiri ọjà àti àwọn tí ó ń pàtẹ lẹ́bàá títì ní Èkó. Wọ́n pọ̀ nínú wa, owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń ra ọjà.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Mo ti já tíkẹ́ẹ̀tì lówùúrọ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ń lé mi?" Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò dùn létí. Ọwọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ ọjà wà. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ètò ọjà àti gáréèjì sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì mẹ́nu kan ṣọ́ọ̀bù àti kióósì pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù fi ń gba owó ọjà. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2003 tí ó ka títa ọjà lójú títì àti dídá ọjà sílẹ̀ láìgbàṣẹ léèwọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì fihàn pé ẹ sanwó. Kò sọ pé ibi tí ẹ pàtẹ sí bá òfin mu. Lójú tèmi, kò dára kí ọwọ́ kan gba owó lówùúrọ̀ kí ọwọ́ kejì gbé igbá lọ lọ́sàn-án. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì níwájú adájọ́.

Kì í ṣe ẹni tí ó ń tà nìkan ni òfin náà mú, ó mú ẹni tí ó ń rà pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba tún kéde rẹ̀ ní ọdún 2016, ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dárúkọ. (Àwọn àgbà tí ó rántí bí wọ́n ti wó kióósì ní ọdún 1984, nígbà WAI, mọ̀ pé lílé yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.) Ní ti ọmọdé, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, kò fàyè gba kí a máa fi wọ́n kiri lójú títì.

Kí ni ó kan ẹgbẹ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìyá kan yá ₦200,000, ó fi ra bàtà, ó pàtẹ wọn sábẹ́ afárá, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bàtà lọ, gbèsè kò bá a lọ. Bí kò bá rí i san, àwọn onídùúró rẹ̀ ni a ó yíjú sí, inú àjẹṣẹ́kù wọn ni a ó sì ti yọ ọ́. Ẹni tí kò kiri rí ni yóò wá san owó ìkiri.

Nítorí náà, kí onídùúró tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ó béèrè pé, "Níbo ni ẹ ó ti tà á?" Kí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó náà béèrè ìwé ìsọ̀: ṣé orúkọ kánsù, nọ́ńbà ìsọ̀ àti orúkọ ẹni tí ó gbà á wà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu alága ọjà kò tó. Bí owó ìsọ̀ bá wọ́n jù fún ẹnì kan, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pawọ́ pọ̀ gba ẹyọ kan, bí kánsù bá gbà bẹ́ẹ̀, kí orúkọ gbogbo wọn sì wà nínú ìwé.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Ó yẹ kí ẹgbẹ́ yá owó ìsọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú owó ọjà? Oṣù mélòó ni kí ó fi san án?