Ẹ̀dà yàtọ̀ sí ìbejì: bí a ṣe ń yọ fáìlì tó pọ̀ jù kúrò nínú kọ̀ǹpútà

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ohun kan tó ń gba àyè lọ́wọ́ gbogbo wa: fáìlì kan náà tó wà ní ibi mẹ́ta mẹ́rin nínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá gba ohùn ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, a ó dà á sínú kọ̀ǹpútà, a ó dà á sórí clé USB, a ó fún ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá yá, a tún padà wá bá wa pẹ̀lú orúkọ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Octet ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí fáìlì ṣe tóbi tó. Ohùn WAV ní stéréò (44 100 Hz, 16 bits) ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 635 octet fún wákàtí kan. Bí ó bá di mẹ́ta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 Go.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti àyè lọ. Bí a bá tún nǹkan ṣe nínú ọ̀kan tí a kò tún un ṣe nínú èkejì, a kò ní mọ èyí tó tọ́ mọ́. Bí a bá sì pa èyí tí kò yẹ rẹ́, ó lè jẹ́ ohùn àgbà tí kò sí láyé mọ́ ni a pa rẹ́. Ta ni yóò tún un sọ fún wa?

1. Kí ni ẹ̀dà?

Fáìlì méjì jẹ́ ẹ̀dà ara wọn nígbà tí gbogbo octet inú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kì í wo orúkọ, a kì í wo ọjọ́. "Ketu_01.wav" àti "Ketu_01 - Copie.wav" lè jẹ́ ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n fáìlì méjì tó ń jẹ́ "ohun.wav" nínú àpò méjì lè jẹ́ ohùn ènìyàn méjì. Ìbejì ni irú èyí: wọ́n jọra, ṣùgbọ́n Táíwò kì í ṣe Kẹ́hìndé.

2. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ẹ̀dà

a) Ìwọ̀n. Fáìlì tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ kò lè jẹ́ ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Nínú UTF-8, "ọkọ́" tí a fi ń ro oko gba octet 9. "Ọkọ̀" tí a ń wọ̀ náà gba octet 9.

b) Ìtẹ̀ka. Kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò octet inú fáìlì, yóò sì mú àmì kúkúrú jáde, bí ìtẹ̀ka ọmọ ènìyàn. MD5 tí Ronald Rivest ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, ń fúnni ní àmì 32. SHA-256 ń fúnni ní 64. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yí padà, ìtẹ̀ka á yí padà. Ní 2004, àwọn olùwádìí fi hàn pé a lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáìlì méjì tó yàtọ̀ tí MD5 wọn jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà, SHA-256 ló dára jù. Lórí Windows, a ó kọ: certutil -hashfile Ketu_01.wav SHA256. Lórí Linux: sha256sum Ketu_01.wav.

d) Ìfiwéra octet kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ẹ̀rí ìkẹyìn.

Bí fáìlì bá pọ̀, fdupes (lórí Linux) tàbí dupeGuru lè bá wa wá wọn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

3. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ èdè

A lè kọ "ọ" ní ọ̀nà méjì nínú Unicode: àmì kan ṣoṣo (U+1ECD), tàbí "o" pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ (U+0323). Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Octet 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀ka wọn yàtọ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ pé wọn kì í ṣe ẹ̀dà. Ìdí kan náà ló lè mú kí a rí fáìlì méjì tí orúkọ wọn jọra pátápátá nínú àpò kan ṣoṣo lórí Windows tàbí Linux. Kí a tó fi ọ̀rọ̀ wéra, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, unicodedata.normalize inú Python ń ṣe é.

Ní ilẹ̀ Benin, a tún ní "ọkọ̀" àti "ɔkɔ̀". Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n fáìlì méjèèjì kì í ṣe ẹ̀dà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn òǹkàwé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni MP3 kì í ṣe ẹ̀dà WAV: MP3 ti ju apá kan ohùn nù. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ohùn nínú Praat kò gbọdọ̀ pa WAV rẹ́.

4. Bí a ṣe ń pa á rẹ́

– Kọ́kọ́ fi gbogbo iṣẹ́ pamọ́ sórí disiki mìíràn, kí o sì yọ disiki náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún ìpamọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí.
– Má ṣe wá ẹ̀dà nínú àpò Windows tàbí Program Files. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà nílò ohun tó wà níbẹ̀.
– Yan èyí tí yóò kù: èyí tí orúkọ rẹ̀ sọ ìlú àti ọjọ́. Bí o bá ń lo ELAN, fáìlì .eaf ti kọ ibi tí ohùn wà sílẹ̀. Bí o bá pa ohùn ibẹ̀ rẹ́, ELAN kò ní rí i mọ́.
– Ṣí fáìlì méjèèjì, tẹ́tí sí wọn, kí o tó ju ọ̀kan sínú Corbeille. Fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ kọ "ọkọ̀" sínú fáìlì méjì, ọ̀kan ní NFC, èkejì ní NFD. Ẹ wo ìwọ̀n wọn, ẹ ṣírò ìtẹ̀ka wọn. Ṣé ẹ̀dà ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà? Ṣé ẹ̀dà ni wọ́n lójú onímọ̀ èdè? Ẹ jẹ́ ká jọ jíròrò rẹ̀.