Kì Í Ṣe Kídíjò: Bí A Ṣe Lè Pe Orúkọ Àwọn Olórin Ilẹ̀ Òkèèrè

Ẹni tó bá wà níbi ayẹyẹ ọjọ́ àṣà tí a ṣe ní sáà tó kọjá kò ní í tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ka orúkọ orin tí àwọn oníjó wa fẹ́ jó sí. Ìwé wà lọ́wọ́ mi, máìkì wà lẹ́nu mi, mo sì kà á jáde ketekete pé orin tó kàn ni ti Angélique Kidjo. Bí mo ṣe pè é ni "Angẹlíkù Kídíjò". Ọ̀kan nínú àwọn àlejò tó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo pápá bá gbà á. Láti ọjọ́ náà títí a fi gba ọlidé, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ mi. Kídíjò níbí, Kídíjò lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ JSS1 pàápàá ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá Kídíjò".

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ní kí n wá ka ìròyìn ní asẹ́ḿbìlì ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ọ̀fun yẹn dùn mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín náà kò kúkú mọ̀ ọ́n pè. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, Anjẹ́líkà ni." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé àṣìṣe ni ìyẹn náà.

Oko ẹ̀gẹ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé abúlé bíi tèmi mọ̀ pé àwọn ará Benin àti Tógò wà lára àwọn alágbàṣe tó máa ń bá wa ro oko. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n bá òun kọ fọ́ọ̀mù kan, ó sì na káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sí mi. Ibi tí wọ́n bí i sí ni wọ́n kọ ní "Djougou". Mo kà á bí mo ṣe ń ka gbogbo nǹkan: "Díjóúgóù." Kò fi mí ṣẹ̀sín o. Ó kàn ní, "Àbúrò, Jugu ni. Ṣé ẹ̀yin náà kì í kọ Kétu ni?" Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ tiwọn: Kétou.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi nìyí. Faransé ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní ìlú wọn. Bí Faransé bá kọ j lásán, kì í ṣe j tiwa ló ń pè. Ohùn kan ni tí a kò ní ní Yorùbá: ó dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ pe ṣ, ṣùgbọ́n tí ọ̀fun rẹ̀ ń kùn sí i. Nítorí náà, tí wọ́n bá fẹ́ kọ j tiwa, wọ́n á fi d sí i níwájú, ó di dj. Lẹ́tà u tiwọn náà kì í ṣe u tiwa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ou sí ibi tí àwa ń kọ u. Orúkọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ajé wà ní Gánà àti Tógò. Ní Gánà tó lo Gẹ̀ẹ́sì, Kojo ni wọ́n ń kọ ọ́. Ní Tógò, Kodjo. Orúkọ kan náà ni, ìwé ló yàtọ̀.

Orí mi wú lọ́jọ́ náà. Kidjo, Kijo ni! Kò sí Kídí kankan níbẹ̀. Angélique ńkọ́? Lẹ́tà g tí e tàbí i bá tẹ̀ lé di ohùn j Faransé tí mo ṣàlàyé lókè yẹn; que tó wà ní ìparí, k nìkan ló ń dún nínú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bíi "Anjelíìk", kí ọ̀fun kùn díẹ̀ ní ibi j, ẹ ti débẹ̀. Ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n ti bí obìnrin yìí ní 1960 (ẹ pe ìlú náà ní Wida, torí ou tó bá wà níwájú fáwẹ̀lì mìíràn di w). Fọn ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀. Àwo tó fi gba ẹ̀bùn Grammy ní 2008 ni Djin Djin, ẹ wá fúnra yín pe ìyẹn wò. Àwo rẹ̀ mìíràn wà tó ń jẹ́ Oremi. Èyí kò nílò olùkọ́, ọ̀rẹ́ mi ni.

Bí èèyàn bá ti mọ dj àti ou, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló ṣí. Youssou N'Dour ti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà di Yusu Nduu, r rẹ̀ fẹ́lẹ́ ní ìparí. Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì máa ń fẹ́ fi fáwẹ̀lì kan síwájú N yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu wa ti mọ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ pé "ó ńdàgbà" ti lè sọ N'Dour. Oumou Sangaré ti Mali ni Umu Sangare. Toumani Diabaté, ọkùnrin tó ta kora títí ó fi kú ní 2024, ni Tumani Jabate, torí di tí a bá nínú orúkọ àwọn Mandé báyìí máa ń rọ̀ di j. Gnonnas Pedro ti Benin, tó kọrin ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kì í ṣe "Gínọ́nà". Lẹ́tà gn yẹn, bíi ny inú Kenya ló ń dún.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Kútọnu tí orúkọ wọn gùn bí ìlà asẹ́ḿbìlì: T.P. Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou. T.P. dúró fún Tout Puissant, ìyẹn Alágbára Gbogbo. Àwọn t tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í dún: "Tu Puisan", kí an rẹ̀ gba imú jáde bíi ti ìtàn. Ẹ ṣọ́ra fún p ibẹ̀. P tiwa nínú apá, ẹ̀yìn ẹnu àti ètè ló ń jọ ṣe é. P tiwọn, ètè nìkan ni, bíi ti paper nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì yẹ kí n sọ ti Premier Gaou, orin Magic System ti Ivory Coast tó ti ń dún níbi ìnáwó kí wọ́n tó bí wa. Àǹtí mi ń pè é ní "Prímíà Gáù" títí di òní, ó sì mọ ijó rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. "Prẹmíe" ni wọ́n ń pè é, kò sí r ní ìparí.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwa ọmọ Yorùbá jẹ. Àmì orí é Faransé kì í ṣe àmì ohùn. Tiwa ń sọ pé kí ohùn gòkè, mí. Tiwọn ń sọ irú fáwẹ̀lì tó jẹ́: é wọn ni e wa, è wọn ni ẹ wa. Nítorí náà Diabaté kò parí pẹ̀lú ẹ. Beyoncé náà rèé: ìdílé ìyá rẹ̀ ló ni orúkọ yẹn, ìdílé náà sì ti Louisiana wá, níbi tí wọ́n ti sọ Faransé rí. Àmì orí e ń sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má gbé e mì.

Ẹ jẹ́ ká yí ojú sí tiwa, torí àwọn ará òkèèrè náà ń jìyà lọ́wọ́ orúkọ wa. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bí Sade Adu ní 1959, ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀, tó jẹ́ òyìnbó, mú un lọ sí England. Fọláṣadé ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ Sade àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Diamond Life, dé Amẹ́ríkà, wọ́n ní láti kọ ọ́ sára àwo pé "Shar-day" ni kí wọ́n máa pè é. Lẹ́tà r yẹn kì í dún lẹ́nu àwọn ará England, ó kàn ń fa a gùn ni, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe r. Bó bá jẹ́ pé Ṣadé ni wọ́n kọ, tí wọ́n sì mọ re-mí, wàhálà ti tán.

Bùkọ́lá Elemide tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aṣa ti gbọ́n. Ó fi àmì sábẹ́ s, wọ́n tún kọ "Asha" mọ́ orúkọ àwo rẹ̀ ti 2007 fún ẹni tí kò mọ àmì náà. Síbẹ̀, àwa tí a mọ ṣ náà ń ṣìnà, torí àwọn kan nínú kíláàsì wa rò pé àṣà ni, dò-dò. Ẹyẹ ni o, àṣá, dò-mí. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹyẹ tó ń gbé òròmọdìyẹ àti ohun tí a torí rẹ̀ ṣe ayẹyẹ. Asake, Àṣàkẹ́, dò-dò-mí. Fẹlá, re-mí, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ "Féla" bíi ti fíìmù.

Ìyá àgbà mi, tí wọ́n bí sí abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn, "asọ" ló ń pe aṣọ, "isu" ló ń pe iṣu. Mo fi fọ́tò Sade hàn án lórí fóònù, mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Sadé! Ọmọ Ìbàdàn ni?" Bí àwọn òyìnbó ṣe kọ ọ́ gan-an ló ṣe pè é. Ṣé màmá ṣìnà ni? Èmi kò gbà. Ohùn ilẹ̀ wa nìyẹn, àwọn ará ìgboro tó ń fi í ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbé ohùn kan yàtọ̀ sí ẹni tí kò béèrè. Èmi kò béèrè lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ni mo ti jẹ̀bi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú kíláàsì orin, kíá ni màá sọ èyí. Bach kì í ṣe "Báṣì". "Báàk" ni, àwọn ará Jámánì ń ha ch rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun bí ẹni tí egungun ẹja há sí. Z inú Mozart, ts ni. Chopin, ọmọ Poland tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Faransé, ni "Ṣọpẹn", ẹn bíi ti ìyẹn, p bíi ti Tout Puissant. Handel ní àmì méjì lórí a nígbà tó wà ní Jámánì. Nígbà tó di ará England, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ láìsí wọn. Ẹ pè é bíi Gẹ̀ẹ́sì, ó ti gbà.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí: mo máa ń béèrè ìlú tí olórin ti wá, mo máa ń wá ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò tàbí fóònù ẹni tó ní dátà, lẹ́yìn náà mo fi lẹ́tà Yorùbá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Mo ti gbà láti ka ìròyìn ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí orúkọ olórin kan bá ń dà yín láàmú, ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ jù ú sínú páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé kí ó tó di Ọjọ́bọ̀. Èyí tí n kò bá mọ̀, màá gbé e lọ sí oko.