Ìfúnpá kò sí nínú agbárí

Olóòtú ètò ìlera kan lórí rédíò ń ṣàlàyé àìsàn kan tó sábà máa ń mú ọ̀dọ́bìnrin tó sanra. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni “ìfúnpá orí”. Orí wo ló ní apá?

Ẹ jẹ́ ká tọpa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó bá há mọ́ nǹkan láti ìta la ń sọ pé ó fún un: bàtà ń fúnni lẹ́sẹ̀, okùn ń fún ẹran lọ́rùn. Oògùn tí ọdẹ àti jagunjagun ń so mọ́ apá, lókè ìgbọ̀nwọ́, ni ìfúnpá àtijọ́. Ẹgbẹ́ òǹdè àti ìgbàdí ni. Ní 1896, dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, gbé rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí jáde láti fi wọn ẹ̀jẹ̀, ibi tí ìfúnpá ń gbé gan-an ni wọ́n sì ń wé e mọ́. Kò ṣòro láti rí bí orúkọ ṣe kúrò lára oògùn bọ́ sára rọ́bà, tó tún bọ́ sára ohun tí rọ́bà ń wọ̀n. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá a jà pé ẹ̀jẹ̀ ríru la ní. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò rí ilé ìwé rí náà ń sọ pé ìfúnpá òun ga. Ó tán, mo gbà.

Èyí tí n kò ní gbà ni kí wọ́n gbé e gun orí. Omi kan yí ọpọlọ ká, nǹkan bíi mílílítà 150 lára àgbàlagbà. Agbárí kì í fẹ̀. Bí omi yìí bá ru, iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló ń jẹ̀yà. Orí á máa fọ́, ìró ọkàn á máa dún létí, ojú á ṣú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀, ohun kan á di méjì. Bó bá pẹ́ láìtọ́jú, ojú lè fọ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí omi náà bá gun òpó tí wọ́n so mọ́ abẹ́rẹ́ náà kọjá sẹ̀ǹtímítà 25, ó ti ga jù.

Ta ni yóò gbọ́ “ìfúnpá” tí kò ní lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní kẹ́mísì? Ojú á sì máa bàjẹ́ lọ. Lóòótọ́, dókítà á kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ru kọjá ààlà náà lè mú iṣan ojú wú. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí orúkọ méjèèjì yàtọ̀.

Olóòtú yìí tún ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè wò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ara fúyẹ́ ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú, pẹ̀lú acetazolamide, oògùn tó ń dín omi náà kù. Ní 2014 ni ìwádìí kan jáde ní Àríwá Amẹ́ríkà lórí èèyàn 165 tí ojú wọn bàjẹ́ díẹ̀. Obìnrin ni gbogbo wọn àfi mẹ́rin. Gbogbo wọn ló dín oúnjẹ àti iyọ̀ kù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ojú àwọn tó lo acetazolamide sàn ju ti àwọn yòókù lọ. Ìgbà tí ojú bá ń yára lọ ni abẹ ń wọ̀ ọ́.

Omi ọpọlọ ríru ni kí ẹ máa pè é. Ru bá omi mu, òkun náà ń ru, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olóhùn rédíò, ẹ pe ohùn rẹ̀ dáadáa: ru ni àìsàn, rù ló sún mọ́ ìtọ́jú. Ẹni tí orí ń fọ́ lemọ́lemọ́, tí ojú ń ṣú bó bá bẹ̀rẹ̀, kó tètè lọ bá dókítà ojú kó wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀.