Owó Ẹgbẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọbìnrin Tí Ẹ Ti Gba Oyè

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ti gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ẹ sì padà wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìrẹsà-Adú, Ìrẹsà-Apá, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété àti Ọ̀yọ́ Àtìbà, mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó ń gba àkókò yín jù ní ìpàdé ni ti ọ̀nà tí ẹ óò gbà rí owó fún iṣẹ́ rere tí ẹ ti pinnu. Níwọ̀n bí ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akápò fún ẹgbẹ́ obìnrin, tí mo sì ti rí bí owó ṣe ń gbé ẹgbẹ́ kan ró tí ó sì ń tú òmíràn ká, ó tọ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín nígbà tí ohùn mi ṣì ń jáde. Ìlú ńlá ni Ìrẹsà jẹ́ láyé àtijọ́; Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé òun ni olórí ìlú ní ẹkùn Ìbọ̀lọ́ nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì dúró. Ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí yóò máa gbé igbá tọrọ kiri láìní ohun tí yóò fi hàn aráyé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹnu dídùn kọ́ ni í yọ owó lápò ènìyàn. Ohun tí í yọ ọ́ ni iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ ti rí, àti ìṣirò owó àná tí etí rẹ̀ ti gbọ́. Ẹgbẹ́ tí kò tíì fi nǹkan kan ṣe ìlú lóore, tí ó wá ń pín ìwé ìpè fún àwọn ọlọ́lá, tí ó ń yan alága ayẹyẹ àti bàbá ìsàlẹ̀, ojú ń ti àwọn ènìyàn láti kọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kíní, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọn a ní àwọn kò sí nílé.

Ẹ wo àwọn ìyá tí ó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú yín. Ní 1932 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọ̀làjú ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Abeokuta Ladies' Club sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tí ó mọ̀wé ni, ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn ìyá ọlọ́jà, tí obìnrin tí ń ta ìrẹsì bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti aya olùkọ́, ni ẹgbẹ́ náà tó ta gbòǹgbò, títí tí ó fi di Abeokuta Women's Union ní 1946, tí àwọn ọlọ́jà pàápàá ń san owó ẹgbẹ́ láti inú èrè ọjà wọn. Ìmọ̀ ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà ni owó àti okun àwọn ọlọ́jà tó dé. Ní Èkó pẹ̀lú, ṣáájú ìgbà náà, Oyinkan Abáyọ̀mí àti àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó kó jọ sínú British West African Educated Girls' Club ń wá owó kí ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba lè wà fún ọmọbìnrin. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà, Queen's College, sì ṣí ní 1927, Oyinkan kò padà sílé lọ sinmi, ó wọlé lọ ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ta ni yóò rí ẹni tí ó fi ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí yóò ká ọwọ́ kò?

Nítorí náà, inú ara yín ni ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀. Kí olúkúlùkù máa san owó oṣù, kí ẹ sì fi í mọ bí apá ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré jù nínú yín ṣe ká a, bóyá olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìgbèríko ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè wa. Ẹ má ṣe fi apá dókítà tí ó wà ní ilé ìwòsàn Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀n ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí ogójì nínú yín bá ń san N2,000 lóṣù, N80,000 ni lóṣù kan, N960,000 sì ni lọ́dún, láìpe onílù kankan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbòòrò lè fi kún tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi í kún un ní kọ̀rọ̀, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà ti ìpàdé dé ilé pẹ̀lú ìtìjú. Mo ti rí ibi tí ìgbéraga ẹni méjì nínú sísan owó ti lé ogún ènìyàn kúrò.

Ẹ wá fi iye yẹn wé ti ayẹyẹ ìkówójọ tí gbogbo ẹgbẹ́ ń sáré sí. Ká ní ẹ gba gbọ̀ngàn, ẹ ta àgọ́, ẹ se oúnjẹ, ẹ pe olórin, ẹ tẹ ìwé ìpè, ó di N700,000. Lọ́jọ́ náà, wọ́n kéde owó títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì gbọ́ mílíọ̀nù méjì lẹ́nu àwọn èèyàn pàtàkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ ka èyí tí ó wọ inú àpótí, N850,000 ni, ìyókù di àdéhùn tí ẹ óò máa tẹ̀lé kiri títí ọdún yóò fi yí po. Kí ni ẹ rí? N150,000, àti àárẹ̀. N kò sọ pé kí ẹ má ṣe ayẹyẹ rárá, nítorí ọmọ Yorùbá fẹ́ràn àpéjọ, inú àpéjọ sì ni a ti ń mọ ẹni tí ó ń bẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ má ṣe ka àdéhùn mọ́ owó, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí aṣọ ẹbí di ẹrù tí yóò wọ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ní lọ́rùn. Bí ẹ óò bá ta aṣọ, ẹ lọ bá àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn fún òfì tàbí kí ẹ mú àdìrẹ, ẹ fi èrè díẹ̀ lé e, kí ẹ sì sọ iye èrè náà síta.

Òwò tí ó tọ́ fún ẹgbẹ́ yín wà nílẹ̀ yín. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, kajú kún ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Sùúrùlérè; ẹ lè rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ẹ gbé e fún àwọn tí ó mọ bí a ti í yan án, nítorí oje èèpo rẹ̀ a máa jó ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì dì í dáadáa fún títà. Ẹ̀lùbọ́ tún dára jù lọ lójú mi. Nígbà tí iṣu bá jáde tí owó rẹ̀ wálẹ̀, ẹ rà á, ẹ bó o, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ sá a sínú ọyẹ́, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston yóò ra èyí tí ó dá a lójú pé kò ní iyanrìn. Bí àlejò bá sì ń bọ̀ tí ẹ fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn, ẹ fi ike ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, ẹ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń fín igbá àti àwọn tí ń rán tìmùtìmù awọ, ẹ san ìdajì owó sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ má sì nájà pẹ̀lú wọn dé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn yóò ti di ọ̀fẹ́. Ẹ kò lè máa fi ìyà oníṣẹ́ ọnà kó owó jọ fún ọmọ aláìní.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a nílò ni a gbọ́dọ̀ fi owó wá. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Alpha Kappa Alpha ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard ní 1908, fi èyí hàn kedere. Ní 1935, Dókítà Dorothy Ferebee kó àwọn nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ láti inú ẹgbẹ́ náà lọ sí Mississippi láti tọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ oko òwú. Nígbà tí àwọn olóko kò gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kúrò lóko wá gba ìtọ́jú, àwọn obìnrin náà fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ara wọn gbé oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wọ inú oko lọ bá wọn, wọ́n sì ń padà lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́dọọdún fún ọdún díẹ̀. Àkókò wọn, ọgbọ́n wọn, ọkọ̀ wọn, gbogbo rẹ̀ ni ọrẹ. Àwa náà ní ọ̀wẹ̀, a ní àáró, kí ọ̀làjú tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé ìyàgbẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ kan kí àwọn ọmọbìnrin má baà máa sá nílé ẹ̀kọ́ nígbà nǹkan oṣù wọn, ẹ lọ kí Arẹ̀sà, ọba ìlú, kí ẹ bá Ìyálọ́jà àti àwọn baálé sọ̀rọ̀. Ẹnìkan yóò fi iyanrìn sílẹ̀, bíríkìlà yóò fi ọjọ́ Sátidé kan sílẹ̀, àwọn ìyá yóò gbé omi. Ìlú tí ó ti fi òógùn rẹ̀ sí i kò ní jẹ́ kí wọ́n jí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi bò yín. Bí ọdún ìdìbò bá ń súnmọ́, àwọn olóṣèlú yóò wá yín rí pẹ̀lú owó tí ó pọ̀ ju ti gbogbo òwò yín lọ, wọn yóò sì fẹ́ kí ẹ wọ ańkárá tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ orúkọ náà sára ògiri. Ẹnu tí ó bá jẹ dòdò kò ní í lè sọ òdodo. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ràn ọmọ ìlú, inú ìjọba ni kí wọ́n ti tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹgbẹ́ tí ó gba irú owó bẹ́ẹ̀ a pín sí méjì kí ìbò tó parí.

Ní ti ìtọ́jú owó, ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tí ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020, kí báńkì lè mọ̀ yín. Kí ó tó di ẹ̀ẹ̀mejì tí ẹ óò tọrọ owó, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti gba ti àkọ́kọ́, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí tàbí ààfin, kí ẹ ka ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde sétí gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú risíìtì lọ́wọ́. Ẹ yan akápò nítorí pé ó máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni, kì í ṣe nítorí pé ilé rẹ̀ tóbi. Kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí ìwé báńkì, kí méjì nínú wọn má sì ṣe jẹ́ ọmọ ìyá. Bí ọdún méjì bá pé, kí ẹni tí ń jáde àti ẹni tí ń wọlé jókòó pẹ̀lú ayẹ̀wé-owó-wò, kí wọ́n fi ìwé báńkì wé ìwé ẹgbẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó kó kọ́kọ́rọ́ àpótí lé akápò tuntun lọ́wọ́.