Wo Ilẹ̀ Láti Òkè Kí O Tó Sanwó

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti ń kó owó jọ láti ra ilẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í rí ẹni sọ fún wọn lásìkò: kí o tó tẹ̀ lé éjẹ́ǹtì kankan lọ sórí ilẹ̀, lọ wo àwòrán ibẹ̀ tí wọ́n yà láti ojú òfuurufú. Má sì wo ti ọdún yìí nìkan. Òrùlé àti ọ̀nà ni ti ọdún yìí máa fi hàn ọ́. Ti ogún ọdún tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ló máa jẹ́ kí o mọ ibi tí omi ń gbà.

Omi ni mo ń tẹnu mọ́, ìwọ náà sì mọ ìdí rẹ̀. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 kò tíì gbàgbé bí odò Ògùnpa ṣe kún àkúnya. Omi tún ya wọ ìgboro ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ó wó ilé, ó gbé afárá, ó gbé èèyàn lọ. Ní Lẹ́kíì àti Ajá, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítéètì lónìí ló jẹ́ àbàtà kí wọ́n tó da yanrìn sí i. Ẹni tó bá ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, orí ìpìlẹ̀ ni owó rẹ̀ máa tán sí.

Bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Gba Google Earth Pro sórí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2015 ni wọn kò ti gba owó lórí rẹ̀ mọ́. Bí o bá ti dé àdúgbò tí ò ń wá, tẹ àwòrán aago kékeré tó wà lókè, ìlà ọdún á yọ, wàá sì máa fà á síwájú sẹ́yìn. Láti ọdún 2024 ni a ti lè ṣe é lórí fóònù pẹ̀lú. Kí ọwọ́ rẹ lè mọ́ ọn, fi Bar Beach ní Victoria Island dánra wò. Fà á lọ sí ọdún tó ṣáájú 2009, òkun ni wàá rí. Máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wàá rí yanrìn tó ń ti òkun sẹ́yìn títí Eko Atlantic fi dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wá gbé e lọ sórí ilẹ̀ tìrẹ.

Má gbára lé ibi tí éjẹ́ǹtì bá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Dúró lórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ, kí fóònù tìrẹ mú ibẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó wà lára ìwé ìwọnlẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ sínú Google bẹ́ẹ̀. Orí ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna ni àwọn awọnlẹ̀ wa máa ń gbé e kà, ti àgbáyé ni Google ń lò. Bí o kò bá jẹ́ kí awọnlẹ̀ yí i padà fún ọ, o lè máa fi gbogbo ọkàn yẹ ilẹ̀ ẹlòmíì wò.

Ohun tó wà níbí yìí ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù lọ. Nígbà òjò, ìkùukùu máa ń bo ilẹ̀ wa, kámẹ́rà kò sì lè rí ilẹ̀ gba inú ìkùukùu. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán tó mọ́ kedere fi jẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àbàtà ti gbẹ, tí gbogbo ilẹ̀ sì dà bí ilẹ̀ rere. Nítorí náà, má wá omi nìkan, wá ipa omi. Wo ìlà ewé dúdú tó ń lọ́ bí ejò láàrin pápá tó ti gbẹ: odò ló wà lábẹ́ rẹ̀, bí kò tiẹ̀ ní omi lójú. Bí o bá rí igi ògùrọ̀ tó kóra jọ, rántí pé ibi tí omi bá wà ni ògùrọ̀ ń gbé. Bí o bá sì rí ebè ẹ̀fọ́ tó tutù yọ̀yọ̀ nínú oṣù Kìíní, nígbà tí gbogbo oko yòókù ti rẹ̀, àkùrọ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ tó ń dáko síbẹ̀ mọ̀ pé omi kò jìnnà sójú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ọ bá ti jẹ́ àkùrọ̀ rí, fi í sílẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ ẹ dandan, kí ẹ̀ńjíníà kọ́kọ́ yẹ erùpẹ̀ rẹ̀ wò ná.

Ọ̀nà tún wà láti rí ìgbà òjò fúnra rẹ̀. Sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù, rédà ló fi ń yàwòrán, ìkùukùu àti òkùnkùn kì í dí i lọ́wọ́. Omi tó tẹ́jú máa ń dúdú kirikiri nínú àwòrán rẹ̀, àyàfi èyí tó bá sá sábẹ́ igi. Lọ sí Copernicus Browser lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mú oṣù Keje tàbí oṣù Kẹsàn-án, kí o fi wé oṣù Kìíní. Ọ̀fẹ́ ni.

Sátẹ́láìtì Landsat ló ti pẹ́ jù nínú àwọn tó ń yàwòrán ilẹ̀ déédéé, láti ọdún 1972. Ṣùgbọ́n mọ ohun tí wàá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí èyí tí a ń lò báyìí, àmì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀ jẹ́ 30 mítà níbùú àti lóòró, ilẹ̀ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 kò sì tó àmì kan péré. Àdúgbò ni kí o fi wò: ìgbà tí wọ́n pa igbó ibẹ̀, ìgbà tí ìlú dé ibẹ̀. EarthExplorer ti ìjọba Amẹ́ríkà ni wàá ti rí i. Níbẹ̀ náà ni fọ́tò CORONA wà, èyí tí sátẹ́láìtì amí wọn yà láti ọdún 1960 sí 1972, tí wọ́n sì tú sílẹ̀ fún aráyé ní 1995. Kì í ṣe ibi gbogbo nílẹ̀ wa ló yà dáadáa, ṣùgbọ́n wò ó. Bí ẹnì kan bá ti sanwó kí wọ́n gbé fọ́tò kan sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo èèyàn ló máa rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà.

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, wá fọ́tò bàálù. Láti ọdún 1946 ni iléeṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo fọ́tò bàálù láti ya máàpù. Àkójọ iléeṣẹ́ náà wà ní National Collection of Aerial Photography ní Edinburgh báyìí. Owó ni wọ́n ń gbà, nítorí náà fi máàpù ibi tí ò ń wá hàn wọ́n kí o tó san kọ́bọ̀. Béèrè fún fọ́tò méjì tó tẹ̀ léra. Wọ́n máa ń yà wọ́n kí ọ̀kan gorí èkejì ju ìdajì lọ. Bí o bá gbé méjèèjì sábẹ́ awò tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò, òkè á dìde, àfonífojì á rì lójú rẹ. Nílé níbí, béèrè ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ rẹ, tàbí ti àpapọ̀ ní Àbújá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí RECTAS tẹ́lẹ̀, AFRIGIST báyìí, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ń kọ́ àwọn tó mọ̀ nípa irú fọ́tò yìí. Wá ọ̀kan nínú wọn kó bá ọ kà á.

Lẹ́yìn náà, tẹ fọ́tò náà sórí bébà ńlá, kí o gbé e lọ bá àwọn ìyá wa nílé. Mo bẹ̀ ọ́, má fi sọ́dọ̀ àwọn bàbá nìkan. Kòkó àti obì máa ń jọ igbó lójú ẹni tó ń wò ó láti òkè. Àwọn bàbá lè sọ èyí tó jẹ́ oko. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọnmi nígbà ọmọdé ló mọ orúkọ odò kéékèèké, wọ́n mọ èyí tó ń gbẹ àti èyí tí kì í gbẹ.

Àwòrán kò lè sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Bí ojú ilẹ̀ bá tilẹ̀ tẹ́ ọ lọ́rùn, gbé ìwé ìwọnlẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ibẹ̀, bóyá ìwé náà sì wà lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́. Gba agbẹjọ́rò tìrẹ, kì í ṣe ti éjẹ́ǹtì.

Fi ibi tí ilẹ̀ náà wà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Mo ní dátà tó pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, a máa jọ wò ó.